Fagi lé àbí fòpin sí?

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹgbẹ́ ti "fòpin sí ìpàdé Sátidé". Kílẹ̀ tó ṣú, màmá ẹlẹ́lùbọ́ kan ti ń béèrè owó àjọ rẹ̀. Akọ̀wé ní ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan lòun ń wí. Ta ni kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn?

Ìdáhùn: Akọ̀wé ni. Ìpàdé tí a bá fòpin sí, ó parí nìyẹn. Fagi lé ló yẹ kó kọ. Igi inú rẹ̀ kì í ṣe igi oko o. Ilà tí a máa ń fà gba orí ìṣirò tí ọmọ ṣì ni. Ohun tí a ti kọ tàbí tí a ti pinnu la ń fagi lé: ìdájọ́, ìyànsípò, èsì ìdìbò. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993 la dìbò, nígbà tó di ọjọ́ 23, ìjọba Babangida ti fagi lé e.

Ìbéèrè: Òwò ẹrú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìwé wo lẹ fẹ́ fa igi lé lórí ìyẹn? Àṣà tó ti wọra ni, àwọn kan sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Fòpin sí ló bá a mu, ó sì máa ń pẹ́. Ọdún 1807 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà fáwọn ènìyàn wọn. Ọdún 14 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1821, ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọ tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Lọ́dún tí à ń wí yìí, èèyàn lè ní "wọ́n ń fòpin sí i". "Wọ́n ti fòpin sí i" yóò jẹ́ irọ́. Fagi lé kò ní irú ìfàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbuwọ́lùwé kan ti tó.

Ìbéèrè: Bàbá mi, ará Oǹdó, ní ilà kọ̀ọ̀kan lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Èmi ò kọlà.

Ìdáhùn: Ẹ ò lè fagi lé tiwọn, igi ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ọ̀pọ̀ ilé ti pa ilà kíkọ tì fúnra wọn kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 tó wá dè é. Pa tì lọ̀rọ̀ tibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé lẹ òmíràn: "A fagi lé ìpàdé Sátidé yìí." Kó má gbàgbé "yìí" o, nítorí màmá ẹlẹ́lùbọ́.