Bí Fọ́ńgọ́ọ̀sì Tí Kò Gbóògùn Ṣe Ń Ti Ibùsùn Kan Bọ́ Sí Òmíràn

Láàárín oṣù Kejì ọdún 2015 sí oṣù Kẹjọ ọdún 2017, aláìsàn 70 ni wọ́n rí fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Candida auris lára wọn ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé gbogbo wọn pátá ló ti gba yàrá ìtọ́jú àkànṣe kan ṣoṣo kọjá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ní ìṣòro. Wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n nu ibùsùn, wọ́n ya àwọn tó ní in sọ́tọ̀, kò tán. Nígbà tí wọ́n wá a káàkiri inú yàrá náà, wọn ò rí i tó bí wọ́n ṣe rò. Ibi tó sá sí ni ọ̀pá tín-ín-rín kan tí wọ́n ń fi há abíyá aláìsàn kí wọ́n lè mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Wọ́n á yọ ọ́ lábíyá ẹni yìí, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi há abíyá ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀pá náà kúrò nílẹ̀ ni iye àwọn tó ń kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀.

Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì tí kò gbóògùn, oògùn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí, bíi pé agídí tó ń ṣe sí oògùn ló ń mú un tàn ká. Agídí yẹn ló ń jẹ́ kó ṣòro wò tó bá ti ráyè wọ inú ara. Ohun tó ń gbé e kiri jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ọwọ́ olùtọ́jú, ohun èlò tí wọ́n ń pín lò, àti aláìsàn tí wọ́n ń gbé láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Wàhálà dé nítorí pé inú ilé kan náà ni méjèèjì ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ìwúkàrà tó ń mú ìyẹ̀fun wú, èbu tó ń bo búrẹ́dì àti olú tó ń hù lára igi tó ti kú, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Bó ti wù kí wọ́n kéré tó, sẹ́ẹ̀lì wọn jọ ti ènìyàn ju bó ṣe jọ ti bakitéríà lọ. Bakitéríà ní oríṣiríṣi ẹ̀yà tí ara ènìyàn kò ní, ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń pa á fi pọ̀: ohun tí bakitéríà nìkan ní ni oògùn á dojú kọ, ẹni tó lò ó kò ní fara pa. Ti fọ́ńgọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró ló ń gbé ẹ̀mí tiwa náà ró, ohun tó bá sì máa pa á lè ṣe aláìsàn léṣe. Ìdí abájọ rèé tí ìran oògùn tí àwọn dókítà gbójú lé jù fún fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ti wọ inú ara kò fi ju mẹ́ta lọ.

Àkọ́kọ́ ni àwọn azole, tí fluconazole jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì ní ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol. Cholesterol ló wà ní ipò rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa. Azole máa ń dí ohun tó ń ṣe ọ̀rá yìí lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, awọ sẹ́ẹ̀lì á sì di jákujàku. Ìkejì ni amphotericin B. Ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì ti ṣe tán lòun máa ń dì mú, tí á fi ba awọ náà jẹ́. Ó lágbára, àmọ́ kíndìnrín aláìsàn máa ń fara gbá nínú rẹ̀. Ìkẹta ni àwọn echinocandin. Ògiri ló yí sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì ká lẹ́yìn awọ yẹn, echinocandin kì í jẹ́ kó rí ògiri náà mọ. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní ògiri rárá, nítorí náà ni dókítà fi sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ìran kẹta yìí bí ó bá jẹ́ Candida auris ló wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ọgbọ́n tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń ta sí àwọn oògùn wọ̀nyí kò le. Fluconazole dà bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ki bọ ihò àgádágodo; bí ihò náà bá yí pa dà díẹ̀ báyìí, kọ́kọ́rọ́ ò wọlé mọ́. Ìyípadà kékeré nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní ERG11 ti tó láti ṣe ìyẹn. Òmíràn nínú wọn máa ń da oògùn pa dà síta bó ṣe ń wọlé, bí ẹni ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó ń jò. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 Candida auris tí wọ́n bá ṣàyẹ̀wò, nǹkan bíi 90 ni fluconazole kò ràn, nǹkan bíi 30 ni amphotericin B kò ràn, àwọn tí echinocandin kò ràn kò sì tó 5. Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni àwọn díẹ̀ tí kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ràn wọ́n.

Oògùn kọ́ ló ń dá ìyípadà yìí sílẹ̀, ṣíṣà ló ń ṣà wọ́n. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń bí sí i ni ìyípadà ń ṣẹlẹ̀ lóríṣiríṣi, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì wúlò fún un. Ọjọ́ tí oògùn bá dé, àwọn tí kò ní ààbò á kú, èyí tó ní i á wá gba gbogbo ààyè náà fún ara rẹ̀. Ibi kan wà tó ti yàtọ̀ pátápátá sí bakitéríà. Bakitéríà lè fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní jíìnì tó fi ń kojú oògùn, bí aládùúgbò ṣe ń fún ara wọn níná. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀; ohun tó ní, ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Kí agbára náà tó dé ara ẹlòmíràn, ó di dandan kí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ rìn débẹ̀. Ó sì ń rìn. Ní ọdún 2021, àjọ CDC, tó ń mójú tó ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ròyìn àwọn aláìsàn kan ní Washington, D.C., olú ìlú Amẹ́ríkà, àti ní Texas tí echinocandin kò ran èyí tó wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò lo echinocandin rí kí wọ́n tó kó o. Ibòmíràn ló ti gbára dì kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Candida yòókù, inú ìfun àti ẹnu ni wọ́n ń gbé, ẹni tí wọ́n ń gbé lára rẹ̀ náà ni wọ́n sì sábà máa ń yọ lẹ́nu. Candida auris fẹ́ràn awọ ara ní tirẹ̀, pàápàá abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ara. Ẹ rí i pé ọ̀pá Oxford yẹn kò ṣèèṣì: ibi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí fẹ́ràn jù ni wọ́n ń fi í há fún wákàtí púpọ̀. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní yún un, ibà kò ní mú un, kò sí ohun tí ojú lè rí. Awọ ara ènìyàn sì máa ń bó bí eruku ní gbogbo ìgbà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á bá a bọ́ sórí aṣọ ibùsùn, sára irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, sórí tábìlì, sára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì, á sì wà láàyè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wọlé lóru, ó fẹ́ tún ìrọ̀rí aláìsàn ṣe. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú kó lè rí agbára gbé e. Kó tó parí, ẹ̀rọ dírípù bẹ̀rẹ̀ sí í han ní ibùsùn kejì, ó sáré lọ tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìbọ̀wọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe ń rí ní aago mẹ́ta òru kò ní bá a wí. Àmọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ni ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bò. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ara ìbọ̀wọ́ ti dé ibùsùn kejì. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé sànítáísà ọlọ́tí máa ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí dáadáa, bó bá bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn tó fi ra ọwọ́.

Ti ilẹ̀ àti ohun èlò ló le. Púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń nu ilé ìwòsàn jẹ́ ìran tí wọ́n ń pè ní quaternary ammonium. Ó ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n Candida auris máa ń yè é. Èyí tó ní kílórínì nínú, bíi bílíìṣì, tàbí hydrogen peroxide, ló ń ká a. Èyí náà ní àsìkò: ó gbọ́dọ̀ tutù rinrin lórí ibi tí wọ́n fi nù fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹni tó bá fọ́n ọn tó sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíá, ibẹ̀ á dán, á máa rùn bí ibi tó mọ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì wà níbẹ̀.

Wíwà lórí awọ ara kò tíì jẹ́ àìsàn. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni ihò tí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ dá: rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan ẹ̀jẹ̀, rọ́bà ìtọ̀, ọ̀pá ọ̀nà ọ̀fun tó so mọ́ ẹ̀rọ tó ń báni mí, ojú iṣẹ́ abẹ. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá dé ara rọ́bà, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á ṣe oje kan bo ara wọn, irú èyí tó ń yọ̀ tí ọwọ́ máa ń bà nínú páìpù ìdọ̀tí. Oògùn tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè máà tó nǹkan lábẹ́ oje yẹn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń yọ rọ́bà náà kúrò dípò kó máa ro oògùn lé oògùn. Oògùn apakòkòrò tí aláìsàn ti lò tẹ́lẹ̀ tún ti lé àwọn bakitéríà tó ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì du àyè lọ. Nínú àwọn tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìwádìí fi hàn pé láàárín 30 sí 60 nínú 100 ló ń kú, ṣùgbọ́n ara ọ̀pọ̀ wọn kò dá tẹ́lẹ̀, kò sì rọrùn láti mọ iye tó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì gan-an ló pa wọ́n.

Fún ìgbà pípẹ́, yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Auris túmọ̀ sí etí ní èdè Látìn, torí pé inú etí aláìsàn kan ní Japan ni wọ́n ti rí èyí tí wọ́n kéde ní ọdún 2009. Nígbà tí wọ́n pa dà wo ohun tó ti wà nípamọ́, wọ́n rí i nínú èyí tí wọ́n gbà lára aláìsàn kan ní Gúúsù Kòríà ní ọdún 1996. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan máa ń pè é ní Candida haemulonii, ìbátan rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, dókítà á sì gba èsì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MALDI-TOF, tó ń dá kòkòrò mọ̀ nípa ìwúwo àwọn èròjà ara rẹ̀, ló wá ń dá a mọ̀ dáadáa. Ohun tó tún ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ó yọjú ní Éṣíà, ní gúúsù Áfíríkà àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àsìkò kan náà, bẹ́ẹ̀ jíìnì wọn yàtọ̀ síra débi pé kò lè jẹ́ ibì kan ló ti ṣẹ̀ǹtẹ̀ gbéra. Onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn kan, Arturo Casadevall, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lábàá ní ọdún 2019 pé ayé tó ń gbóná sí i ló kọ́ ọ láti fara da ooru ara ènìyàn, èyí tí ọ̀pọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì kò lè fara dà. Àbá ni, àmọ́ ó dájú pé Candida auris ń hù ní ìwọ̀n 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Gbogbo fọ́ńgọ́ọ̀sì tí kò gbóògùn kọ́ ló gba ọ̀nà yìí wá. Aspergillus fumigatus, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń kọ́ bó ṣe ń kojú azole, nítorí àwọn àgbẹ̀ náà ń fọ́n ìran oògùn yìí sára irúgbìn. Fífọwọ́ kò ní nǹkan ṣe fún ìyẹn.

Láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù kò jìnnà. Ibi tó ń le sí ni láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, pàápàá àwọn ilé ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mí ń gbé. Aláìsàn á lọ, ó á bọ̀, ìwé tó tẹ̀ lé e á sọ nípa ọkàn rẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀, kò ní sọ nípa awọ ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iye àwọn tó ṣàìsàn rẹ̀ lọ láti 476 ní ọdún 2019 sí 1,471 ní ọdún 2021. Àsìkò Kòrónà ni, tí ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò ń wọ́n, tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì kún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé to fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 lẹ́sẹẹsẹ, Candida auris sì wà lára mẹ́rin tó wà ní ìpele tó le jù.

Láti mọ ẹni tó ń gbé e kiri, òwú kan ni wọ́n máa ń fi nu abíyá rẹ̀ àti ibi tí itan ti pàdé ara. Bí èsì bá jáde pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á fún un ní yàrá tirẹ̀, ohun èlò tó máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan á sì wà níbẹ̀. Wọn ò ní fún un lóògùn bí kò bá ṣàìsàn, torí kò tíì sí ìtọ́jú tó dájú tó ń mú un kúrò lára awọ, oògùn tí wọ́n bá sì lò lásán á tún máa ṣà èyí tó le jù. Àyẹ̀wò lè sọ lónìí pé kò sí, kó sọ lóṣù tó ń bọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì náà kì í kúrò nínú fáìlì rẹ̀. Ọjọ́ yòówù tó bá pa dà wá, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ bá a wá.