Kókó Inú Iṣan: Kí Ló Wà Nínú Èjìká Tó Le Bí Igi?

Bí òwú bá ta kókó lẹ́nu abẹ́rẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á fà á tagbáratagbára, kókó á sì máa le sí i. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ kì í fà á. Á fi èékánná wá ibi tó ti lọ́, á sì rọra tú u. Ó pẹ́ tí mo ti mọ èyí nípa òwú kí n tó mọ̀ ọ́n nípa èjìká ara mi.

Èjìká ọ̀tún ni, láàárín ọrùn sí orí apá. Bí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àfi bíi pé kóró àgbálùmọ̀ wà lábẹ́ awọ. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ló máa ń burú jù, nígbà tí gbogbo Ogbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ gba aṣọ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹnì kan ní kí n dọ̀bálẹ̀ kí ọmọ gun ẹ̀yìn mi. Òmíràn ní kí n yí ọmọ odó lé e kó lè fọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ló rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹ máa fọ́. Ẹran ara yín náà ni."

Iṣan kan ló ń sọ. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó nà dé èjìká méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn. Trapezius ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń gbé èjìká sókè, òun náà ló sì wà lára àwọn tó ń di orí mú kó má ṣubú síwájú. Orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò 5, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá àpò sìmẹ́ńtì. Tí a bá jókòó ṣánṣán, egungun ẹ̀yìn ló ń ru ú. Tí a bá tẹ orí ba láti wo ojú rírán, tàbí láti wo fóònù, iṣan ló kù tó ń fà á sẹ́yìn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ àyà, ẹ ó rìn jìnnà. Ẹ na ọwọ́ síwájú kí ẹ wá fi gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kan náà, ká wo ibi tí ẹ máa dé.

Fọ́nrán tín-ín-tín-ín ni iṣan, bí òwú. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á sún kì. Tó bá ń sinmi, á nà padà. Èyí tí kò rí ìsinmi láti àárọ̀ á ṣù jọ, á fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn wá ò ní dé ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ á sì máa ro. Ríro yẹn á tún mú un ṣù jọ sí i. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí kókó náà jẹ́ gan-an.

Orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó ni trigger point. Janet Travell, dókítà ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú Ààrẹ Kennedy, ló sọ orúkọ yìí di mímọ̀. Òun àti David Simons kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1983. Trigger ni ohun tí ọdẹ ń fà kí ìbọn tó dún. Ìka wà níhìn-ín, ọta lọ bà lọ́hùn-ún. Bí kókó èjìká ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: ó lè jókòó sí èjìká, kó máa ta ní ẹ̀bátí. Mo ti gbé parasitamọ́ọ̀lù mì fún ẹ̀fọ́rí tó jẹ́ pé èjìká ló ń rán an wá.

Kì í ṣe àwa tó ń jókòó nìkan ló ń ṣe. Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni wá, ẹnì kan ló sì ń ro ọkà yẹn. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ nídìí ìkòkò: ó gbá omorógùn mú, èéfín ń bọ̀ lójú rẹ̀, èjìká méjèèjì ti gòkè débi etí, kò sì mọ̀. Agbára tó fi ń ro ọkà kọ́ ló ń dá kókó sí i lára. Èjìká tí kò rántí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọkà ti jinná ni.

Títú ló kù. Ooru ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ri aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, màá fún un, màá fi lé èjìká fún bí ìṣẹ́jú 15, màá tún un rì bó bá ti ń tutù. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ògbólógbòó. Ẹ sọ ọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kí ẹ lè máa dì í mú láti òkè, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí àárín egungun ẹ̀yìn àti egungun pẹlẹbẹ èjìká. Kò gbọdọ̀ gun orí egungun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ o. Ẹ rọra fara tì í títí ara á fi sọ pé "ibí ni." Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kí ẹ máa mí. Tí ẹ bá ti ń payín keke, ó ti pọ̀ jù, torí iṣan tí a ń fìyà jẹ á tún ṣù jọ ni. Lọ́jọ́ tí n kò rí bọ́ọ̀lù, mo fi ọsàn dánwò. Ògiri ló mu omi rẹ̀.

Tí ó bá ti rọ̀, ẹ yí èjìká sẹ́yìn bí ìgbà 10. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi apá méjèèjì ti férémù, kí ẹ rọra ti àyà síwájú, torí iṣan àyà tó ti kúrú wà lára ohun tó ń fa èjìká síwájú.

Òrí tàbí àdí dára, wọ́n ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó ń wọ́ yín yọ̀ dáadáa. Róòbù kì í dé ibi tí kókó wà. Awọ ló ń ta lójí, tí ọkàn á fi kúrò lára ríro náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná lé e lórí. Mo ṣe é rí, díẹ̀ ló kù kó bó mi lára.

Ṣùgbọ́n àga ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo ga ju ẹ̀rọ mi lọ, mo sì ń tẹ̀ ba lé e láti òwúrọ̀ dalẹ́. Káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga náà kúrú ní íńṣì méjì, owó tó gbà kò tó owó àwo ọkà kan tó lẹ́ran. Mo tún máa ń dìde ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, ì báà jẹ́ kí n kàn lọ bomi mu.

Tí apá bá ń ṣe yín yìnrìnyìnrìn tàbí tó ń kú, tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà, tàbí tó jẹ́ ẹ̀yìn tí ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà ló bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Tí àyà bá ń dùn yín, tó ń gba èjìká tàbí àgbọ̀n lọ, tí òógùn sì bò yín, ẹ má dúró rárá, ó lè jẹ́ ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gba ẹnikẹ́ni láyè láti yí ọrùn yín lójijì kó lè dún "kà!" Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó lè ya ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Onígbàjámọ̀ ọkọ mi ti mọ̀ báyìí pé irun nìkan la pè é wá gẹ̀.