Fáànù afafẹ́fẹ́jáde ní yàrá ọlọ́rinrin

Fáànù afafẹ́fẹ́jáde ni fáànù kékeré tí wọ́n máa ń dè mọ́ ògiri, fèrèsé tàbí àjà ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná, kí ó lè máa fa oru omi, èéfín àti òórùn jáde síta. Ní Àgbádárìgì, tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, tí òkun sì wà lẹ́yìn ọ̀sà, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ àyàfi nígbà ọyẹ́. Lásìkò òjò, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, bàtà aláwọ inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa bu, àmì dúdú a sì kún àjà ilé ìwẹ̀.

Ibi tí omi ti ń wá ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀rinrin tí ìwẹ̀ tàbí ìkòkò orí iná dá sílẹ̀ ni fáànù lè kó jáde. Èyí tó ń gun ògiri láti inú ilẹ̀ kì í gbọ́ ti fáànù rárá. Bí wọn kò bá tẹ́ náílọ́n tó nípọn sábẹ́ kọnkéré nígbà tí wọ́n ń kọ́lé létí omi, ẹsẹ̀ ògiri á máa fa omi sókè, ọ̀dà á wú, á bó, iyọ̀ funfun á sì yọ. Láti mọ ìyàtọ̀, a lè fi téèpù lẹ náílọ́n mọ́ ògiri yíká, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni ọ̀rinrin ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló rin, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Bíríkìlà ló ni iṣẹ́ ti àkọ́kọ́, kì í ṣe oníná.

Ìwọ̀n yàrá la fi ń yan fáànù. Ilé ìwẹ̀ tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tó sì ga ní mítà 2.7 gba afẹ́fẹ́ 8.1 m³. Kí afẹ́fẹ́ náà tó lè pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ ní wákàtí kan, fáànù gbọ́dọ̀ lè fa nǹkan bí 65 m³, èyí tí fáànù onínṣì 4 sábà máa ń kájú. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ilé ìwẹ̀, tí í ṣe 54 m³ ní wákàtí. Páìpù gígùn àti ìgúnpá rẹ̀ máa ń dín agbára fáànù kù, nítorí náà ògiri ìta ló dára jù láti dè é mọ́. Kò yẹ kí páìpù parí sínú àjà, kí pákó òrùlé má baà jẹrà.

Afẹ́fẹ́ kò lè jáde níbi tí òmíràn kò ti ráyè wọlé. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan lábẹ́ ilẹ̀kùn ti tó. Láìsí i, ariwo lásán ni fáànù ń pa. Bí a bá gbé ìwé pélébé sójú rẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, kò fa nǹkan kan. Nígbà tí kò bá síná, fèrèsé lúfà méjì tó dojú kọra ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa, ó sì sàn ju fèrèsé onísláìdì tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń ṣí.

Fáànù tí ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ló máa ń pẹ́ nítòsí òkun, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ tètè ń dípẹtà síṣó àti irin. Kò sì yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí fèrèsé tàbí ihò afẹ́fẹ́ kankan: bí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ ilé jáde níbi kan, ó lè máa fa èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé níbòmíràn, gáàsì aṣekúpani inú rẹ̀ kò sì ní òórùn.