Kọ́sítọ́mà fọwọ́ ara ẹ̀ sanwó, kí ló tún ń wá ní báǹkì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mò ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà l'Amẹ́ríkà lédè lórí Zoom, káàdì làwọn òbí wọn fi ń san owó oṣooṣù. Ìyá kan san oṣù mẹ́ta láìjiyàn, àfi bó ṣe lọ sọ fún báǹkì ẹ̀ pé òun ò mọ ẹni tó ń yọ owó òun. Wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e. Ṣé jìbìtì kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ jìbìtì o, àmọ́ mi ò rò bẹ́ẹ̀. Chargeback ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé báǹkì gba owó tí oníkáàdì ti san padà fún un. Òfin ti wà l'Amẹ́ríkà látọdún 1974 tó gba oníkáàdì kírẹ́díìtì láyè láti ta ko owó tí ò yé e, Visa àti Mastercard náà ní tiwọn, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n fún ní ọjọ́ 120, ìyẹn ni pé owó tó o gbà ní January tó o ti fi sanwó ilé ṣì lè bọ́ ní April. Owó oṣooṣù ló sì rọrùn láti gbàgbé: káàdì ń sanwó fúnra ẹ̀, ọmọ ò wọ kíláàsì mọ́, ìyá ọmọ wá rí orúkọ tí ò mọ̀ rí lórí bílì. Orúkọ wo ló ń jáde fún wọn gan-an?

Ìbéèrè: Orúkọ tí mo fi rẹjísítà kọ́ńpìnnì ni, "Global Ventures" báyìí-báyìí.

Ìdáhùn: Ẹ̀n-ẹ́n! Òbí wo ló mọ Global Ventures? Orúkọ kíláàsì ẹ ni kó máa jáde. Tó bá jẹ́ Stripe, ilé iṣẹ́ tó ń báèèyàn gba owó káàdì, lo ń lò, lẹ́tà 22 lo ní, ó tó. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ímeèlì ránṣẹ́ kí owó tó jáde, má bẹ̀rù pé ẹlòmíì á rántí fagi lé e. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lo fi bẹ̀rẹ̀, látọdún 2020 ni Visa ti ní kó o rán wọn létí, ó kéré tán ọjọ́ méje kó o tó gbowó àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n á fi kúrò ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi í pamọ́, wọ́n rò pé ọgbọ́n ni, àmọ́ ẹni tí ò rí ibi jáde lọ́dọ̀ ẹ á gba ọ̀dọ̀ báǹkì jáde.

Ìbéèrè: OTP ò lè gbà mí ni?

Ìdáhùn: Ìyẹn wúlò tó bá jẹ́ káàdì olè, torí báǹkì ló sábà máa ń ru gbèsè ẹ̀ tí oníkáàdì bá ti fi OTP jẹ́rìí. Àmọ́ owó àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn sábà ń tẹ̀ ẹ́ fún. Ẹni tó bá ní "mo ti fagi lé e", OTP ò lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n jà á?

Ìdáhùn: Látọdún 2023, Visa ní ọ̀nà kan fún irú "èmi kọ́ ni mo san án" yìí: kó o fi owó méjì tó ti san tẹ́lẹ̀ láìjà hàn, kí IP (ìyẹn nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tàbí fóònù tó fi san án bára mu. Àmọ́ owó méjèèjì gbọ́dọ̀ ti lé lọ́jọ́ 120, oṣù mẹ́ta sì ni ìyá tìẹ. Nítorí náà pè é. Má fi owó kankan ránṣẹ́ sí i o, báǹkì ti mú un lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa san. Tó bá gbà pé òun gbàgbé ni, kó ní kí báǹkì fa ẹjọ́ náà padà, kó kọ ọ́ sí ímeèlì fún ẹ, kó o wá fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́ mọ́ ẹ̀rí ẹ kí déètì tó kọjá, torí bó bá tiẹ̀ fà á padà, tó ò bá fi ẹ̀rí sílẹ̀, o ṣì lè jẹ̀bi.