Kẹ̀kẹ́ ológeere nínú ìrìnnà Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ohun ìrìnnà tí ó gbilẹ̀ ní Ìlọrin, ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ àti Ìgbómìnà kí mọ́tò tó pọ̀. Lónìí, bí ènìyàn bá ní "kẹ̀kẹ́" ní Ìlọrin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ló sábà máa ń wá sọ́kàn. Nígbà yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni.

Orí ni ẹrù ń bá rìn tẹ́lẹ̀. Ẹṣin wà ní Ìlọrin, àmọ́ kì í ṣe ti tálákà. Nígbà tí rélùwéè gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908, kò yà sí Ìgbájà tàbí Òmù-Àrán. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ lè gbé ẹrù oko dé ojú irin láìfi orí rù ú. Tíṣà, akódà àti wolé-wolé náà ń gùn ún dé abúlé.

Kẹ̀kẹ́ dúdú onírin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ́pọ̀: Raleigh ti Nottingham, Hercules àti Phillips ti Birmingham. Táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 28, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 20. Púpọ̀ nínú wọn ní sípóòkù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn ni ẹrù ń tẹ̀.

Garawa epo pupa kan, lítà 18, ju kílò 16 lọ. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túbù àlòkù ni wọ́n fi ń dì í mọ́ kárìà: rọ́bà ń fà, ó ń padà, kì í dẹ̀ bí okùn nígbà tí ọ̀nà bá ń gbo kẹ̀kẹ́. Bí ẹrù bá sún kọjá ẹ̀yìn táyà jù, iwájú á máa gbé sókè lórí òkè, háńdù kò sì ní gbọ́ ti ẹni tó ń gùn ún mọ́.

Ẹ̀gún ni ọ̀tá túbù. Wọ́n á fi ọwọ́ ṣíbí yọ táyà, wọ́n á fẹ́ túbù, wọ́n á tì í bọ omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi nǹkan tó rí págunpàgun ha ojú rẹ̀, wọ́n á fi gúlúù sí i. Sùúrù ṣe pàtàkì níbí: gúlúù gbọ́dọ̀ gbẹ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n lẹ̀ ní tútù, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá bà lé, á ṣí lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó dá táyà padà, wọ́n á fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀gún kan náà lè tún lu túbù.

Ríìmù irin kì í gba bíréèkì dáadáa lójò, nítorí náà ẹni tó ru ẹrù á sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sì máa fi ọwọ́ dá a dúró.