Ẹ Má Da Tútù Pọ̀ Mọ́ Gbígbẹ

Lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé tí mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, garawa ìdalẹ̀sí ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò tí mo bá wọ ilé. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó bá èèpo iṣu níbẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ tó ti kan, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, agolo tòmátò, ike mínírà, ìwé ọmọ iléèwé, gbogbo rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra wọn, omi ẹ̀gbin á máa ro látìdí rẹ̀. Ìdin á ti débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìkankan nínú wọn tó ń rùn nígbà tó kúrò lọ́wọ́ onílé. Pípò tí a pò wọ́n pọ̀ ló sọ gbogbo wọn di ẹ̀gbin.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: ẹ gbé garawa kejì sílé. Kí ọ̀kan jẹ́ ti ohun tútù, ìyẹn èèpo, ewé, ìṣẹ́kù oúnjẹ. Kí èkejì jẹ́ ti ohun gbígbẹ: ike, ọ̀rá, agolo, ìgò, páálí. Oúnjẹ ló ń pe eṣinṣin àti eku wá, òun ló ń wúwo, òun ló ń rùn. Tí ẹ bá ti yà á sọ́tọ̀, èyí tó kù á fúyẹ́, á mọ́, ẹ sì lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí òórùn. Àwọn tó ń kiri ra agolo, irin àti ike á sì gbà á lọ́wọ́ yín tayọ̀tayọ̀. Èyí tí ọbẹ̀ ti yí lára, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni, torí pé ewé, eérú, èèpo àti àkúfọ́ igbá ni wọ́n ń dà síbẹ̀ láyé ìjọ́un. Ìdí nìyẹn tí tẹ̀tẹ̀ fi ń hù lórí ààtàn, tó ń tutù yọ̀yọ̀ ju ti oko lọ. Ẹ wá gbẹ́ ààtàn òde òní wò: ọ̀rá ló tẹ́ léra wọn ní ìpele-ìpele, omi ò ríbi wọlẹ̀, gbòǹgbò ò ríbi gbà kọjá. Ohun tútù tí ì bá ti di ilẹ̀ ọlọ́ràá sì há sáàárín wọn, ó ń jẹrà láìsí afẹ́fẹ́, ó ń tú gáàsì olóòórùn jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ sọ ohun tútù di ajílẹ̀ nílé. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá onílé kan nítòsí Olúmọ, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, orí àpáta la kọ́lé wa sí. Níbo ni mo fẹ́ gbẹ́ kòtò ajílẹ̀ sí?"

Mo ní, "Ẹ má gbẹ́lẹ̀ rárá, Mà. Ẹ bá mi wá rọ́bà ọ̀dà méjì."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi irin gbígbóná lu ihò káàkiri ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí omi sì lè ro jáde. Ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù méjì. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, irú èyí tí ẹ ń gbá lábẹ́ igi máńgòrò láràárọ̀. Tí ẹ bá da ìwọ̀n abọ́ èèpo kan sí i, ẹ fi abọ́ ewé gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta bò ó mọ́lẹ̀. Iyẹ̀ pákó tàbí páálí tí ẹ fà ya wẹ́wẹ́ náà á ṣiṣẹ́. Bíbò yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni iṣẹ́ náà. Eṣinṣin kì í rí ohun tó ti bò mọ́lẹ̀, èèpo tútù tó bá sì wà láàárín ohun gbígbẹ kì í rùn. Ẹ fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì dé e kí òjò má bàa rọ sí i.

Imú àti ọwọ́ yín ló máa sọ bó ṣe ń lọ fún yín. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ nìyẹn: ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, kí ẹ rò ó. Tí èèpo náà bá ṣì wà bí ẹ ṣe dà á sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìyí padà, ó gbẹ jù nìyẹn, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ tutù, àmọ́ omi ò gbọdọ̀ máa ṣàn jáde láàárín ìka yín. Ẹ má fi ẹran, eegun, ẹja tàbí òróró sí i, torí eku. Ìgbẹ́ ajá náà ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí aràn. Eérú àdògán dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Tí rọ́bà àkọ́kọ́ bá kún, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa jẹrà lọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo èkejì. Nínú ooru tiwa níbí, láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á ti dúdú, á rí fúrúfúrú, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lá máa ní. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ǹtì tàbí àpò ìrẹsì, kí ẹ gbin ṣọkọ, ewédú àti ata sí i. Ẹni tó ń gbé orí àpáta ló tún yẹ kó ṣe èyí jù, torí kò ní ilẹ̀ míì.

Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ ò níṣòro púpọ̀, ewúrẹ́ náà á ti jẹ èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán kí ẹ tó dìde. Èèpo gbágùúdá nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Oró wà nínú rẹ̀ ní tútù, ó lè pa ẹran. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.

Ó wá ku garawa gbígbẹ. Ọjà ni a ti ń dín tirẹ̀ kù, ìyẹn kí ó tó délé rárá. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo yín dání tí ẹ bá ń lọ sí Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá. Ẹni tó bá ra ata, ẹ̀fọ́, gàrí, ẹja àti iyọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè gba ọ̀rá tó mẹ́wàá bọ̀ láàárín wákàtí kan, kò sì ní rò pé òun ra ọ̀rá kankan. Lórí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín, mi ò fẹ́ fi bò rárá: ẹ padà sí ewé. Ooru kọ́ ni wọ́n ṣe ọ̀rá yẹpẹrẹ fún, oúnjẹ tó ń hó ò sì yẹ kó wà nínú rẹ̀. Tí a bá jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì ọ̀fadà tán, garawa tútù ni ewé ń lọ, á sì di ajílẹ̀. Gọ́tà ni ọ̀rá ń lọ.

Gọ́tà Abẹ́òkúta kì í sì í ṣe ibi tí nǹkan ń sùn sí. Òkè àti àpáta ni ìlú wa, omi ò pẹ́ kó tó já wálẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì bá pàdé ló ń kó lọ sínú odò bíi Sókòrì. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àgbàrá òjò gbẹ̀mí èèyàn nílùú yìí. Ohun tó ń fa omíyalé pọ̀, ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára wọn, àmọ́ ọ̀rá tó dí ẹnu afárá kékeré jẹ́ ohun tí ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi pé ẹ ti palẹ̀ mọ́ tí ẹ bá dáná sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Èéfín ike àti ọ̀rá ní oró nínú, ti páìpù PVC tún burú jù, torí ó máa ń mú èròjà tí wọ́n ń pè ní dioxin jáde. Ọmọdé tó ní ikọ́ fée nínú yàrá kejì ló máa kọ́kọ́ fà á símú.

Yàtọ̀ sí pàǹtí, ọ̀rọ̀ omi àti iná náà wà nínú ìtọ́jú ilé, àmọ́ mi ò ní sọ púpọ̀ lórí wọn. Lórí omi: Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, máa gba nǹkan bíi líta 500 nínú òjò mìlímítà 10, ká yọ ìwọ̀nba èyí tó ta dànù. Ẹ jẹ́ kí ti ìbẹ̀rẹ̀ fọ páànù kúrò ná, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà, torí kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn. Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, máa ń da nǹkan bíi líta 15 sí 20 nù lójúmọ́, wáṣà kékeré ló sì ń fẹ́.

Lórí iná: ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ẹ tó sè é, kí ẹ dé ìkòkò. Tó bá ti hó, ẹ rẹ iná gáàsì sílẹ̀. Omi tó ń hó ò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ tan iná náà dé òpin.

Ọ̀pọ̀ yín á ní ilé ayálégbé lẹ ń gbé, pé ìdílé mẹ́fà ló ń lo ilé ìdáná kan. Ẹ̀yin gan-an ni yíya pàǹtí sọ́tọ̀ rọrùn fún jù. Ẹ gbé garawa tútù sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí ẹ gbé ti gbígbẹ sábẹ́ òrùlé níbi tí òjò ò ti ní pa á, kí ẹ yan ẹni tó ń ro rọ́bà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń yan ẹni tó ń gbá ilé ìwẹ̀. Owó tí ẹ bá rí lórí agolo àti irin, ẹ fi ra rọ́bà ọ̀dà kẹta sílẹ̀ kí àgbàdo tuntun tó dé, torí háhá máa ń tètè kún rọ́bà. Ṣúkù kì í jẹrà bọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ dá a sí wẹ́wẹ́, tàbí kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ fi dáná.