Ọrùn ni iṣan ti dí, kí ló dé tí wọ́n ń ya fọ́tò ọpọlọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, rọpárọsẹ̀ fẹ́ mú bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí lóṣù tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò ṣeé gbé fún bí ìdajì wákàtí kó tó padà sípò. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn lápá òsì ti dí, àwọn máa là á. Wọ́n wá tún ní ká lọ ṣe síkáànù ọpọlọ. Kí ló kan orí níbẹ̀, àbí owó ni wọ́n fẹ́ gbà?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Wo Takie tí títì bá dí pa, ọlọ́kadà á gba inú àdúgbò, á ṣì débi tó ń lọ. Iṣan mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, wọ́n wá so kọ́ra bí òrùka nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí ọ̀kan bá dí àwọn tó kù lè gbà á rù. Àmọ́ òrùka yẹn ò pé lára gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo ọrùn á sọ bí ibi tó dí ṣe fún tó, kò lè sọ bóyá ọpọlọ ń rí ẹ̀jẹ̀ tó. Gíráàmù 100 ọpọlọ máa ń gba bíi mílílítà 50 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá já wálẹ̀ sí bí 20 ibẹ̀ ò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tó bá wá lọ sí bí 10 ibẹ̀ á bàjẹ́ pátápátá. Ìyẹn ni síkáànù ọpọlọ fẹ́ wò: wọ́n á fa oògùn kan sí wọn lára tó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa ya fọ́tò léraléra fún bí ìṣẹ́jú kan, ibi tí oògùn bá pẹ́ kó tó dé, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ò ti já geere.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ti là á, kí ni wọ́n tún ń wò?

Ìdáhùn: Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ ti fẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́ torí pé ẹ̀jẹ̀ ò tó wọn, wọn ò rántí bí wọ́n ṣe ń sún kì mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya wọlé lójijì ó lè ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe, orí á máa fọ́ ọ lápá ibi tí wọ́n là, gìrì lè mú un, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti dé ilé. Síkáànù tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó là á ló ń jẹ́ kí dókítà mọ ẹni tó yẹ kó ṣọ́ gidi. Nítorí náà bàbá ò gbọdọ̀ fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ máa yẹ BP wọn wò láàárọ̀ lálẹ́, tí orí bá fọ́ wọn lápá òsì ẹ má fún wọn ní Panadol kí wọ́n lọ sùn, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.